Bí A Ṣe Ń Gbé Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Àtijọ́ Wá sí Òde Òní Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ mú ìwé ìtàn ìfẹ́ kan tí wọ́n ti kọ láti ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí igba ọdún sẹ́yìn, kí ó sì tún un sọ lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lórí ayélujára bí ẹni pé òní ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. N kò sọ nípa eré tó ń lo aṣọ àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ìgbà náà, irú èyí tí BBC ṣe láti inú Pride and Prejudice, ìwé Jane Austen, ní 1995 ní ìpín mẹ́fà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí mo ń sọ ni eré tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ní fóònù lọ́wọ́, tó ń sanwó ilé, tó sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá ẹni tó fẹ́ràn nígbà tó bá wù ú.

Inú òmìnira yẹn gan-an ni wàhálà iṣẹ́ náà wà. Nínú ìwé àtijọ́, kì í sábà jẹ́ àìfẹ́ràn ara wọn ló ń ya olólùfẹ́ méjì nípá. Òfin ogún ni, tàbí owó, tàbí àṣẹ ìdílé, tàbí jíjìnnà ọ̀nà, tàbí ìtìjú tí kò ṣeé fọ̀ nù. Púpọ̀ nínú àwọn ìdènà wọ̀nyí ti kúrò lọ́nà lónìí. Òǹkọ̀wé tó bá kàn wọ aṣọ tuntun fún àwọn ẹ̀dá ìtàn, tí kò wá ìdènà mìíràn tó wúwo tó ti àtijọ́, yóò rí i pé kí ìpín kejì tó parí, òǹwòran á ti máa béèrè ìdí tí àwọn méjì yìí kò fi kàn pe ara wọn kí wọ́n sì yanjú ọ̀rọ̀. Wíwá èsì sí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tó ni ìwé náà

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, 50 ọdún ni. Jane Austen kú ní 1817, Emily Brontë ní 1848, Charlotte Brontë ní 1855, Thomas Hardy ní 1928. Kò sí ẹni tó lè bi yín pé ta ló fún yín láṣẹ lórí ìwé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n Rebecca tí Daphne du Maurier gbé jáde ní 1938 kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé 1989 ni òǹkọ̀wé náà tó kú. Amẹ́ríkà ní ìṣirò tirẹ̀ fún irú àwọn ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀: ọdún tí ìwé jáde ni wọ́n ti ń ka 95 ọdún. Ìdí nìyẹn tí Gone with the Wind, tó jáde ní 1936 tí ẹni tó kọ ọ́ sì kú ní 1949, fi di ti gbogbo ènìyàn láti 2020 ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ka 70 ọdún lẹ́yìn ikú, tó sì jẹ́ pé ó di 2032 kó tó rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, òfin gbogbo ibi tí ẹ ti fẹ́ kí wọ́n wo eré yín ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ti ibi tí ẹ ń gbé nìkan.

Ewu kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fura sí. Eré tí ẹlòmíràn ti ṣe láti inú ìwé náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìtumọ̀ tuntun sí èdè mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé inú ìwé Austen ni Darcy, olólùfẹ́ ọkùnrin inú Pride and Prejudice, ti bọ́ sínú adágún omi tó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀wù tútù lára. Kò sí níbẹ̀ rárá. Andrew Davies, tó kọ eré BBC ti 1995, ló fi kún un. Ẹni tó bá kọ́ ìtàn náà láti inú fíìmù lè jí ohun oníhun láì mọ̀. Ẹ lọ bá ìwé gan-an. Project Gutenberg, ìkànnì ìwé orí ayélujára, ń fún ni ní púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ìdènà inú ìwé náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì mú bírò dání. Nígbà tí ẹ bá padà sí i, ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí àwọn olólùfẹ́ náà ti lè sọ òótọ́ fún ara wọn tí wọn kò sì sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kà nítorí owó nìkan. Èyí lè dà bí ohun tí kò bá ìfẹ́ mu, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà kì í fi ọ̀rọ̀ owó bò. Austen sọ fún wa pé 2,000 pọ́n-ùn ló ń wọlé lọ́dún fún bàbá Elizabeth Bennet, ọmọbìnrin tí Darcy fẹ́ràn, pé 10,000 ló ń wọlé fún Darcy, àti pé ilé àti ilẹ̀ àwọn Bennet kò lè kan ọ̀kankan nínú àwọn ọmọbìnrin márààrún, nítorí pé ètò ogún ti yàn án fún ọkùnrin tó kàn nínú ẹbí. Ẹni tó bá fo àwọn iye owó wọ̀nyí kò ní lóye ìdí tí ìyá wọn fi ń wá ọkọ kiri fún wọn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná. Ìbẹ̀rù tòótọ́ ni ìbẹ̀rù obìnrin náà, nítorí pé bí ọkọ rẹ̀ bá kú, wọn yóò kó jáde nínú ilé.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ohun tó ya àwọn olólùfẹ́ náà nípá. Fún Persuasion, ìwé Austen mìíràn, ó lè rí báyìí: Anne Elliot tẹ̀lé ìmọ̀ràn àgbà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19, ó já ọkùnrin tí kò lówó sílẹ̀, nísinsìnyí tó di ẹni ọdún 27, ọkùnrin náà ti lówó, ó ti padà dé, kò sì tíì dárí jì í. Fún Jane Eyre tí Charlotte Brontë kọ: ọkùnrin tí Jane fẹ́ bá ṣègbéyàwó ti ní ìyàwó nínú ilé, kò sì sọ fún un. Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ni gbólóhùn kejì yìí sọ, pé ìyàwó wà, àti pé wọ́n pa á mọ́ fún Jane. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn lè bá ọdún lọ kí èkejì sì dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ìdènà òde òní tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà

Ibí yìí ni kí ẹ ti pẹ́ jù lọ. Bí ó bá gba oṣù kan, kí ó gbà á. Ohun tí ẹ ń wá kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó kàn jọ ti àtijọ́ lójú. Ohun tó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù tó bí ti àtijọ́ ṣe ń ba wọn lẹ́rù ni.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni The Lizzie Bennet Diaries, eré orí YouTube tí Hank Green àti Bernie Su dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2012, tó parí ní oṣù kẹta ọdún 2013 lẹ́yìn 100 ìpín kéékèèké, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ Emmy lọ́dún náà. Nínú ìwé, Mr. Collins, ẹni tí ilé àwọn Bennet máa kàn, wá fẹ́ Elizabeth, Elizabeth sì kọ̀. Charlotte ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ti pé ẹni ọdún 27 tí kò sì ní ogún kankan níwájú, gbà láti fẹ́ ẹ nítorí pé ó fẹ́ ilé tirẹ̀. Ẹ gbé èyí wá sí òní bó ṣe rí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́: ọ̀dọ́bìnrin tó bá kọ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú gbogbo ènìyàn kò pàdánù nǹkan kan, inú òǹwòran á kàn dùn fún un. Nítorí náà, wọ́n sọ ìgbéyàwó di iṣẹ́. Ricky Collins ní kí Lizzie wá bá òun dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀. Lizzie, akẹ́kọ̀ọ́ tí gbèsè owó iléèwé wà lọ́rùn rẹ̀, kọ̀ nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ náà. Charlotte, tó ń wo bí òun yóò ṣe gbọ́ bùkátà, gbà á. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì náà gbóná bíi ti inú ìwé, nítorí pé ìbéèrè tó wà nínú ìwé náà ló ṣì wà láàárín wọn: ṣé kí ènìyàn fi ohun tó gbà gbọ́ sílẹ̀ nítorí àtijẹ?

Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Lydia. Nínú ìwé, àbúrò Elizabeth yìí sá lọ pẹ̀lú Wickham, ọmọ ogun kan, láì ṣègbéyàwó, ìtìjú náà sì fẹ́ bo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé kò ní sí ọkùnrin gidi tí yóò wo ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Lónìí, ọ̀dọ́ méjì tó jọ ń gbé kì í ṣe ìròyìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n wá ohun tó tún lè ba orúkọ ọmọbìnrin jẹ́ lójú gbogbo ayé, wọ́n sì rí i: Wickham fẹ́ ta fídíò ìkọ̀kọ̀ òun àti Lydia lórí ayélujára. Bí Darcy ṣe fi owó gba ẹbí náà sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nínú eré, ó ra ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà kí fídíò náà má bàa jáde. Ẹ̀rù, ìtìjú, owó àti ìkọ̀kọ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà.

Nínú Clueless, fíìmù 1995 tí Amy Heckerling mú jáde láti ara Emma, ìwé Austen mìíràn, tó sì di eré tẹlifíṣọ̀n láti 1996 sí 1999, ọgbọ́n tó jọ èyí wà níbẹ̀. Àṣírí Frank Churchill nínú ìwé ni pé ó ti ní àfẹ́sọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lónìí, àṣírí bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ìtàn ró láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Ó wá di pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni ọkàn Christian, ẹni tó wà ní ipò Frank nínú fíìmù náà, ń fà sí, tí ọmọbìnrin tó rò pé òun ti mú un kò sì fura.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi Jane Eyre dán an wò, nítorí pé òun ló le jù. Ní 1847 tí ìwé náà jáde, ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè lọ sí kóòtù lásán kí ó gba ìkọ̀sílẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ó tún fẹ́ ẹlòmíràn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ní láti ṣe òfin àkànṣe fún òun nìkan. Òfin ọdún 1857 ló gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ wá sí kóòtù, ó sì di 1937 kí àìsàn ọpọlọ tó wọ inú ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, inú ìdè gidi ni Rochester, ọkùnrin tí Jane fẹ́ bá ṣègbéyàwó, wà, nítorí pé àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe ìyàwó rẹ̀. Lónìí, agbẹjọ́rò kan á tú ìdè náà, ìtàn á sì parí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ìdajì kejì gbólóhùn wa ló máa gbà wá sílẹ̀. Òfin lè yí padà, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin fi ọ̀rọ̀ tó tó báyìí pamọ́ fún obìnrin tó ń múra ìgbéyàwó pẹ̀lú rẹ̀ ṣì burú lónìí bó ṣe burú nígbà náà. Kí ẹ wá bi ara yín ní ohun tí Rochester òde òní ń bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ pé owó ìdílé ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, àti pé òun ni òfin fi ṣe alágbàtọ́ obìnrin náà. Bí ó bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ àti ibi tí owó náà ń gbà. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Jane bá gbọ́, yóò fojú ara rẹ̀ rí irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, lílọ tó lọ lóru yóò sì ní ìtumọ̀ kíkún. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyàwó tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà máa kígbe lásán láì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti 1966 tí Jean Rhys ti gbé Wide Sargasso Sea jáde, níbi tí obìnrin náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀, òǹwòran tó bá mọ nǹkan kò ní gbà kí ẹ lo àìsàn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí iwin. Ìwé Rhys ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ má fọwọ́ kan ìtàn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá àwùjọ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò lè tètè jáde nínú rẹ̀

Àwọn ìwé wọ̀nyí nílò ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, tí ipò olúkúlùkù hàn gbangba, tí ẹni tí ẹ kò fẹ́ rí ní òwúrọ̀ yóò sì tún jókòó níwájú yín ní alẹ́. Abúlé Highbury nínú Emma rí bẹ́ẹ̀. Heckerling gbé e lọ sí iléèwé gíga ní Beverly Hills, ibi tí àwọn ọmọ ti mọ ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ dájúdájú. Ilé ìwòsàn, ọgbà yunifásítì, ẹgbẹ́ eléré ìdárayá, ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ọkọ̀ ojú omi, ìjọ kan, gbogbo wọn lè ṣe é. Ìlú ńlá tí ẹnì kan kò mọ ẹnì kejì kò wúlò, àfi tí ẹ bá dá irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ibùdó ìtàn lè dúró níbi tó wà kí ohun mìíràn sì yí. Nínú Sparkhouse, eré BBC ọdún 2002 tí Sally Wainwright kọ láti ara Wuthering Heights, oko àti òkè Yorkshire ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ló wà ní ipò Heathcliff, ọkùnrin sì wà ní ipò Catherine tí Heathcliff fẹ́ràn nínú ìwé. Ẹ dán irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ wò lórí ìwé kí ẹ tó pinnu. Ó máa ń fi ohun tó jẹ́ ti ènìyàn hàn, ó sì ń fi èyí tó jẹ́ àṣà ìgbà náà lásán hàn pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dín àwọn ẹ̀dá ìtàn kù

Ẹ béèrè ohun tí olúkúlùkù ń ṣe fún ìdènà tàbí fún ìfẹ́ náà. Ẹni tí kò bá ṣe ọ̀kankan kí ó lọ, tàbí kí ẹ da òun àti ẹlòmíràn pọ̀ di ẹnì kan. The Lizzie Bennet Diaries sọ ọmọbìnrin márùn-ún di mẹ́ta. Mary di ìbátan, Kitty sì di ológbò. Àwọn ọmọ ogun tó kún inú ìwé kò sí mọ́, Wickham di olùkọ́ ìwẹ̀ odò. Kò sí ohun tí ìtàn náà pàdánù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ pinnu ẹni tí a ó máa fi ojú rẹ̀ wo ìtàn náà

Ohun tó jẹ́ kí Pride and Prejudice dùn ni pé Elizabeth ṣi Darcy mọ̀, àwa òǹkàwé náà sì ṣì í mọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tẹ̀lé. Kámẹ́rà lè ba èyí jẹ́ ní kíá, nítorí pé gbogbo ohun ló ń fi hàn. Bí òǹwòran bá ti rí ojú Darcy nígbà tó ń wo Elizabeth láti ìkángun yàrá, ó ti mọ̀ ṣáájú Elizabeth.

Nínú eré orí YouTube yẹn, Lizzie jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ń ròyìn ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, yóò wọ nǹkan bíi ti ìyá rẹ̀, yóò sì máa ṣe bí ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá kan Darcy, fìlà àti táì ọlábaláńbá ló fi ń ṣe é. Ìpín 60 ni a tó rí ojú Darcy fúnra rẹ̀, nígbà tó wá sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, Darcy tí àwọn òǹwòran mọ̀ kò ju fìlà àti táì tí Lizzie fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ lọ. Ètò yìí kò náni lówó púpọ̀, ó sì gbé kókó inú ìwé náà yọ ju ọ̀pọ̀ eré olówó gọbọi lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kí ó ronú sí èyí dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀dá ìtàn máa bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ kò bá gbogbo ìwé mu. Nígbà tí Netflix gbé fíìmù Persuasion jáde ní 2022, aṣọ àtijọ́ wà lára Anne, ó sì ń yíjú sí òǹwòran láti sọ ọ̀rọ̀ àpárá bí ọ̀dọ́ òde òní. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ìwé náà ni inú wọn kò dùn sí i, mo sì wà pẹ̀lú wọn. Anne jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í fetí sí nínú ilé bàbá rẹ̀. Bí ó bá ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó yẹ kó máa dun òǹwòran ti tán.

Lẹ́tà tó wà nínú Persuasion jẹ́ ìṣòro ní àyè tirẹ̀. Nínú orí 23 ìwé yẹn, Captain Wentworth, ọkùnrin tí Anne já sílẹ̀ nígbà kan, jókòó sídìí tábìlì bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà mìíràn, nígbà tí Anne ń bá Captain Harville jiyàn ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lórí ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ jù, ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wentworth ń gbọ́ ohùn Anne, ó sì ń tú ọkàn rẹ̀ sórí ìwé. Ó jáde pẹ̀lú àwọn yòókù, ó tún sáré padà bí ẹni tó gbàgbé ìbọ̀wọ́, ó gbé lẹ́tà náà síwájú Anne, ó sì lọ. Ẹni tó bá sọ èyí di àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé láti ìlú mìíràn ti sọ ọ́ di ohun yẹpẹrẹ, nítorí pé agbára rẹ̀ wà nínú pé àwọn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà tí wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Kí ọkùnrin náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìkángun tábìlì ìpàdé, kí ó máa tẹ̀wé bí ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́; kí ó jáde, kí ó padà wá mú ṣájà tó gbàgbé, kí ó wo Anne lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀kùn tì, kí fóònù Anne tó gbọ̀n lórí tábìlì. Ìgbà náà ni kí a jẹ́ kí ó kà á, láì sí orin, títí dé ìlà tó kẹ́yìn.

Ẹ tún rántí pé nínú ìwé wọ̀nyí, pípe orúkọ ènìyàn láì fi oyè ṣáájú jẹ́ ohun ńlá. Lónìí gbogbo ènìyàn ló ń pe orúkọ ara wọn láti ọjọ́ kìíní, a sì ti pàdánù àmì ìsúnmọ́ni yẹn. Ẹ wá òmíràn: orúkọ tí ẹnì kan fi nọ́ńbà ẹnì kejì pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, ọjọ́ tó yí i padà, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kúrò lórí ímeèlì iṣẹ́ tó bọ́ sí àtẹ̀jíṣẹ́ àárín òru.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ pín in sí ìpín

Pride and Prejudice ní orí 61. Orí 34 ni Darcy ti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìgbéyàwó tí Elizabeth sì fi ọ̀rọ̀ gbígbóná lé e padà, lẹ́tà rẹ̀ sì dé ní orí 35. Àárín ìwé náà ni èyí bọ́ sí, gbogbo ohun tó ṣáájú ń gòkè lọ bá a, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e sì ń tún ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe. Ẹ wá irú ìkóríta bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ẹ yàn, kí ẹ kọ́kọ́ fi í sí ipò rẹ̀ nínú eré yín, kí ẹ tó pín àwọn yòókù. Ìpín mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gba ìwé kan dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ eré ojoojúmọ́ tó ń lọ fún oṣù púpọ̀, ìwé kan kò ní tó. Nígbà tí TV Globo ti Bùràsíìlì ṣe Orgulho e Paixão ní 2018, àwọn ẹ̀dá ìtàn láti inú ìwé Austen mélòó kan ni wọ́n kó sínú ìlú kan náà kí ìtàn lè tó pín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ ṣàyẹ̀wò ìwà tí ìwé náà gbójú fò

Rochester ju Jane lọ ní nǹkan bí ogún ọdún, òun ló ń san owó oṣù rẹ̀, ó sì múra bí obìnrin aláfọ̀ṣẹ láti fi wádìí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Heathcliff fìyà jẹ gbogbo ẹni tó sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣe fọ ìwà wọ̀nyí mọ́ títí ọkùnrin náà yóò fi di ẹni jẹ́jẹ́ tí kò ní ẹ̀bi, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ wà lára ìtàn. Ẹ má sì ṣe yàwòrán wọn bí ẹni pé ìfẹ́ ńlá ló fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú eré náà, ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n, rí i kí ó sì sọ ọ́ síta ní gbangba; kí obìnrin náà gbọ́ ọ, kí ó sì ṣe ìpinnu rẹ̀ pẹ̀lú ojú lílà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìparí

Ìwé àtijọ́ ń parí sí ìgbéyàwó nítorí pé ìgbéyàwó ló ń yanjú ọ̀rọ̀ owó, ilé àti ipò lẹ́ẹ̀kan náà fún obìnrin. Bí ọ̀dọ́bìnrin inú eré yín bá ti lè gba ilé àti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ayẹyẹ nìkan kò yanjú nǹkan. Ẹ padà lọ wo ìdènà tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ kẹta: ìgbà tí ìdènà yẹn bá tú ni ìtàn parí. Nínú eré Lizzie Bennet, Darcy fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Lizzie sì kọ̀, nítorí pé ó fẹ́ dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má sì fi olólùfẹ́ ṣe ọ̀gá. Ìfẹ́ náà dúró, òmìnira tí Elizabeth ń jà fún nínú ìwé sì dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn kà á sókè

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kó àwọn tí yóò kà á sókè jọ, kí ẹ sì pe irú olùgbọ́ méjì: àwọn tó mọ ìwé náà láti ìgbà èwe, àti àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ má sọ fún àwọn kejì pé inú ìwé kan ni ẹ ti mú un. Bí wọ́n bá ń béèrè ìdí tí àwọn olólùfẹ́ náà kò fi kàn sọ̀rọ̀, ìdènà yín kò tíì wúwo tó, ìgbésẹ̀ kẹta ni kí ẹ padà sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tó mọ ìwé náà nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti ki àmì àti orúkọ tí àwọn nìkan lóye bọ inú rẹ̀ jù. Ẹ yọ wọ́n, ní pàtàkì orúkọ tí ẹ fi ọgbọ́n yí díẹ̀ láti fi rán wọn létí ti àtijọ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pe àwọn olùgbọ́ kejì mìíràn tí kò tíì gbọ́ ọ rí, kí ẹ tún un kà. Nígbà tí ìran ìkóríta bá dé tí gbogbo yàrá bá dákẹ́ láì jẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n dákẹ́, ẹ lè fi ìpín kìíní ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú ìwé méjì tó ṣàlàyé àwọn ìpín yòókù, kí gbólóhùn ìdènà òde òní yín sì wà ní òkè pátápátá lójú ìwé àkọ́kọ́.